Ọ̀bẹ Ló Ń Mú Ọ̀dùnkún Yá, Kì Í Ṣe Iná

Aago méje ààbọ̀ alẹ́ ti kọjá kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tó wọlé ní Agége. Ìkòyí ló ti ń bọ̀, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ sì ti jẹ gbogbo wákàtí tó yẹ kó fi dáná. Òkìtì ọ̀dùnkún kan àti ata rodo mélòó kan ló wà nínú ọ̀rá dúdú tó gbé dání. Àwọn ọmọ kò tíì kí i tán tí àbíkẹ́yìn fi bèèrè pé, "Mọ́mì, kí la máa jẹ?" Kò síná. Nígbà tó mi sílíńdà gáàsì wò, ó fúyẹ́.

Ó bẹ ọ̀dùnkún náà, ó là wọ́n sí méjì-méjì, ó bu omi lé wọn títí omi fi bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó wá yí iná sókè débi tó lè dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀kan tó tóbi nínú wọn. Ìta ti rọ̀, inú ṣì le. Ọmọ tó bèèrè oúnjẹ ti sùn lọ lórí àga.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó wá kí wọn láti Ọ̀fà, ló tẹ̀lé e wọ ilé ìdáná. "Ìyàwó wa, iná kọ́ ló kéré," ni ìyá àgbà wí. "Ọ̀bẹ ni kò ṣiṣẹ́ tó."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gé e," ni ìyàwó dá a lóhùn. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fi ń bù ú sáwo.

Mo ti bi onírúurú èèyàn léèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí: àwọn ìyá tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, àwọn tó ń dín ọ̀dùnkún tà létí títì, àwọn tó mọ̀ nípa oúnjẹ. Ibi tí mo dúró sí ni pé ìyá àgbà yẹn ló jàre. Ọ̀pọ̀ nínú àsìkò àti gáàsì tó ń ṣòfò lórí ọ̀dùnkún, orí pákó ìgé-nǹkan ló ti ń ṣòfò kí ìkòkò tó dé orí iná rárá.

Iṣu wọ́n, gáàsì náà wọ́n

Láyé àtijọ́, ọ̀dùnkún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé síwájú àlejò nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá. Ìpanu ni. Ohun tí ọmọ ń jẹ kí iṣu tó jinná ni. Iṣu ló ni ọlá, iṣu la fi ń ṣe àna.

Àsìkò yí padà. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ wọ ìlú ti lọ sókè, iṣu sì bá a lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, kílò gáàsì ìdáná kan ti ju 1,000 náírà lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọkùnrin kan tó ń ta gáàsì ní Ìyànà Ìpájà sọ fún mi pé àwọn tó máa ń rọ sílíńdà wọn kún tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń ra kílò méjì, kílò mẹ́ta. "Wọ́n á ní kí n wọ̀n ọ́n dáadáa o. Wọ́n á tún dúró tì mí."

Ọ̀dùnkún wá di ohun tí ọwọ́ tó. Àárín gbùngbùn àti gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn atukọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Potogí sì wà lára àwọn tó gbé e dé etíkun wa. Kì í pẹ́ nínú ilẹ̀: oṣù mẹ́ta sí márùn-ún ti tó o fún ìwalẹ̀, nígbà tí iṣu ń béèrè oṣù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàkùn la fi ń gbìn ín, nítorí náà àgbẹ̀ kò ní láti ya lára irè oko sọ́tọ̀ fún gbíngbìn bí ó ṣe ń ya èbù iṣu. Orílẹ̀-èdè China ló ń gbìn ín jù lágbàáyé, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ṣíwájú ní Áfíríkà.

Ó ní ìlú tí kò kà á sí ìpanu rárá. Bẹ́ ẹ bá dé Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara nígbà ìwalẹ̀, ẹ ó rí ọ̀dùnkún, tí wọ́n ń pè ní ànàmọ́, ní òkìtì-òkìtì, ọkọ̀ ẹrù ń kó o lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Oúnjẹ gidi ni níbẹ̀. Wọ́n ń sè é, wọ́n ń dín in, wọ́n sì ń rò ó ní àmàlà. Mo ṣì ń padà bọ̀ wá sórí àmàlà yẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò

Ooru kì í fò wọ àárín ọ̀dùnkún. Ó ń rìn ni, láti ìta lọ sínú, díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n ìrìn náà kò sì rí bí a ṣe rò ó. Bí ègé kan bá nípọn ní ìlọ́po méjì èkejì, àsìkò tí ooru máa gbà kó tó dé àárín rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí odindi ọ̀dùnkún oníwọ̀ntúnwọ̀nsì fi ń gba ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú nínú omi híhó, tí èyí tí a gé ní ṣíṣẹ́ṣíṣẹ́, tó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, kò fi ní ju mẹ́wàá lọ púpọ̀. Iṣẹ́ ọ̀bẹ ìṣẹ́jú márùn-ún ló ra ogún ìṣẹ́jú iná padà yẹn.

Kó dọ́gba ṣe pàtàkì ju kó kéré lọ. Ègé ńlá kan ṣoṣo tó bá wà láàárín àwọn kéékèèké, òun ni gbogbo ilé máa dúró dè, àwọn tó kù á sì ti di èkọ nígbà tí òun bá fi jinná. Ẹni tó ń kánjú, kó yan ọ̀dùnkún tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn lọ́jà, kó fi èyí tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ ìsinmi.

Ohun kejì ni omi. Ọ̀pọ̀ wa ń bu omi sí ọ̀dùnkún bí ẹni fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Gbogbo omi yẹn ni gáàsì máa kọ́kọ́ gbé gbóná kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Omi tó dé ìdajì ègé ti tó, bí ìdérí bá lè dé ìkòkò náà dáadáa. Oru ló máa se ìdajì òkè. Nígbà tí omi bá sì ti hó, ẹ rẹ iná sílẹ̀. Omi tó ń hó jẹ́jẹ́ àti èyí tó ń hó tó ń ta sókè, ìgbóná kan náà ni wọ́n ní, 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná tó ń jó yí ìdí ìkòkò ká, tó ń yọ ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ ilé ìdáná ló ń sè.

Ìkòkò pirẹ́ṣà ńkọ́? Ó wúlò fún odindi ọ̀dùnkún, pàápàá èyí tó tóbi, nítorí ìgbóná inú rẹ̀ ju ti omi híhó lásán lọ. Ṣùgbọ́n fún ègé kéékèèké, àsìkò tí yóò fi kó oru jọ àti èyí tí yóò fi tú u jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ìkòkò lásán fi máa sè é tán. Ní tèmi, àṣehàn ni.

Lẹ́yìn tó bá jinná, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ gbé ìkòkò padà sórí iná kékeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan láìdé e. Omi tó lẹ̀ mọ́ ọn á gbẹ, kò sì ní rí pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ lẹ́nu.

Adùn kì í fẹ́ ìkánjú

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ìkánjú ń gbà lọ́wọ́ wa. Inú ọ̀dùnkún ni èròjà kan wà, ènsáìmù tí wọ́n ń pè ní amylase, tó ń sọ sítááṣì di ṣúgà. Kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀ nígbà tí ọ̀dùnkún bá tutù. Bí ìgbóná bá dé nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, sítááṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ènsáìmù náà á sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ti wá kọjá nǹkan bí 75 sí 80, ó ti ń kú nìyẹn. Nítorí náà, bí ọ̀dùnkún bá ṣe pẹ́ tó láàárín ìgbóná méjèèjì yẹn ni yóò ṣe dùn tó.

Ẹni tó bá ti jẹ ọ̀dùnkún tí wọ́n bò mọ́ inú eérú gbígbóná lóko rí kò nílò àlàyé ju èyí lọ. Iná eérú kì í le, ó ń gbọ́n ìgbóná wọ inú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi adùn á sì máa yọ lára èèpo. Maikirowéèfù ṣe òdìkejì rẹ̀ gan-an: ó máa jinná láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ènsáìmù kò ráyè ṣe ohunkóhun. Àwọn tó ń ṣàròyé pé ọ̀dùnkún maikirowéèfù kò ládùn kò purọ́.

Ṣé àdánù ni? Ó sinmi lórí ohun tí èèyàn fẹ́ sè. Nínú ilé Yorùbá, ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù lórí ọ̀dùnkún kì í ṣe pé kò dùn tó. Ó dùn jù ni. "Bàbá àwọn ọmọ mi ò lè fi ọbẹ̀ ata jẹ nǹkan tó dùn bíi tíì," ni obìnrin kan ní Ìbàdàn wí. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ìkánjú gan-an ni oògùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi hó kí ẹ tó da ègé kéékèèké sí i. Wọ́n á fò kọjá ibi tí ènsáìmù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó sì fẹ́ adùn, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù àti iná jẹ́jẹ́, kó fi odindi rẹ̀ sí i pẹ̀lú èèpo, kó sì ní sùúrù.

Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ náà ní láti gbọ́ èyí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jàmáíkà lórí oríṣi ọ̀dùnkún mẹ́wàá, tó jáde ní ọdún 2011, fi hàn pé èyí tí wọ́n bọ̀ nínú omi kì í yára gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè tó èyí tí wọ́n yan. Lórí òṣùwọ̀n tí ṣúgà glucose jẹ́ 100, èyí tí wọ́n bọ̀ wà láàárín nǹkan bí 41 sí 50; èyí tí wọ́n yan nínú ààrò wà láàárín 82 sí 94. Onímọ̀ oúnjẹ kan tí mo bi léèrè fi kún un pé ìyẹn kì í ṣe ìyọ̀ǹda láti bu àwo kún. "Bíbọ̀ dára ju yíyan lọ fún wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n bù sáwo ni mo máa kọ́kọ́ wò."

Ìkòkò kan ṣoṣo

Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè fi ọ̀dùnkún ṣe lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, àsáró ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, torí ìkòkò kan ni, kò sì sí ọbẹ̀ tí a ń sè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sè é bí àsáró iṣu, ibẹ̀ ni ó ti ń bàjẹ́. Ọ̀dùnkún kì í fa omi bíi iṣu, ó sì ń tètè rọ̀. Bí a bá bu omi iṣu sí i, ọbẹ̀ ọ̀dùnkún la máa jẹ.

Ẹ gé e ní ṣíṣẹ́, ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú ata lílọ̀, àlùbọ́sà, epo pupa, edé, ẹja gbígbẹ tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, àti iyọ̀. Kí omi má dé ojú rẹ̀. Ẹ dé e. Ẹ má rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá ti ń rò ó ni etí rẹ̀ á máa rún, ìdí ìkòkò á sì jó. Nígbà tó bá tó ìṣẹ́jú méjìlá, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ fọ́ kó lè ki, ẹ da ẹ̀fọ́ sí i, ẹ pa iná. Ooru ìkòkò ti tó ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀.

Ewé ọ̀dùnkún fúnra rẹ̀ náà ṣe é jẹ. Ní Sẹ̀rà Líónì àti Làìbéríà, ọbẹ̀ gidi ni wọ́n ń fi ewé náà sè, ó sì ń jinná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ewúrẹ́ la ń fún ní tiwa. N kò mọ ẹni tó kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún náà dára fún ilé ọlọ́mọ, àmọ́ ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ ìkánjú. Àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń bọ ẹ̀wà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pín in sínú ike, wọ́n á fi sínú fìríìsà. Lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, wọ́n á kàn gbé e kaná, wọ́n á da ègé ọ̀dùnkún sí i pẹ̀lú epo àti ata.

Ní ti díndín, mo lọ dúró ti obìnrin kan tó ń dín ọ̀dùnkún àti àkàrà nítòsí Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ó ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, ó sì ń sẹ́ ẹ gbẹ kó tó dà á sínú epo. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí iná ràn dáadáa pẹ̀lú èrò tó dúró yìí. "Bọ̀dá, ṣúgà wà nínú ẹ̀," ló fèsì. "Tí epo bá gbóná jù, á pọ́n lójú, inú á tútù. Oníbàárà á dá a padà, á tún bú mi kún un." Ó tọ̀nà: ṣúgà ló ń mú kí ó tètè ṣóná ju iṣu lọ. Ní ilé, ọ̀dùnkún tó ṣẹ́kù látàná tí a ti bọ̀, tí a gé, tí a fi ẹyin díndín pẹ̀lú àlùbọ́sà bò nínú páànù, ó ń yá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Èyí tí iná kò lè tún ṣe

Ẹni tó bá ra ọ̀dùnkún tí kòkòrò ti gbẹ́ kò rí owó rẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ ìkòkò. Kòkòrò kékeré kan ni, ẹnu rẹ̀ gùn, ó ń lu ihò wẹ́wẹ́ sára èèpo, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa la inú rẹ̀ já. Ọ̀dùnkún náà á bá wọn jà nípa pípèsè èròjà kíkorò. Ìkorò yẹn kì í jáde, ì báà jẹ́ wákàtí méjì lẹ fi bọ̀ ọ́. Èyí tí ìhùnù sì ti mú dúdú tún burú jù, torí oró tó ń wà nínú irú rẹ̀ lè pa màlúù. Ẹ má gé ibi tó bàjẹ́ kúrò kí ẹ máa jẹ ìyókù. Ẹ jù ú nù, kí ẹran ọ̀sìn má sì rí i.

Fíríìjì náà kì í ṣe ilé rẹ̀ kó tó jinná. Òtútù á mú kí àárín rẹ̀ le, ibi líle náà kò sì ní rọ̀ bí ẹ tilẹ̀ bọ̀ ọ́ pẹ́. Agbọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, níbi tí oòrùn kò dé, ti tó. Ẹ má fọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi fẹ́ sè é.

Aláwọ̀ ọsàn

Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ó lé, ọ̀dùnkún mìíràn ti wọ ọjà, inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn onígbòǹgbò ní Umudike, ìpínlẹ̀ Abia, ló gbé oríṣi méjì jáde láàárín ọdún 2012 sí 2013, King J àti Mother's Delight. Àwọ̀ yẹn ni ara wa ń sọ di fítámì A, tí àìtó rẹ̀ ń ba ojú àwọn ọmọdé jẹ́. Nǹkan bíi gíráàmù 125 nínú rẹ̀ lè tó ohun tí ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé nílò lójúmọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi í kún oúnjẹ ọ̀fẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2016, Maria Andrade, Robert Mwanga, Jan Low àti Howarth Bouis gba ẹ̀bùn World Food Prize. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ gbà á nítorí iṣẹ́ wọn lórí ọ̀dùnkún yìí ní Áfíríkà.

Fún alásè tó ń kánjú, ohun méjì ló yẹ kó mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lómi ju ti Ọ̀fà lọ, nítorí náà ó ń tètè rọ̀, omi díẹ̀ ló sì ń fẹ́. Èkejì, fítámì náà ń fẹ́ ọ̀rá kó tó wọ ara dáadáa. Epo pupa inú àsáró ti ṣe ìyẹn.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London tàbí Houston, irú èyí ni wọ́n ń bá pàdé ní ilé ìtajà ńlá. Lára èyí tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà ni Beauregard, tí wọ́n gbé jáde ní Louisiana ní ọdún 1987. Ìdí nìyí tí àsáró wọn fi ń di omi, tí wọ́n á sì rò pé ọwọ́ àwọn ló bàjẹ́. Kí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Kúbà tàbí ti Kàríbíánì, kí wọ́n béèrè boniato. Inú rẹ̀ funfun, ó gbẹ, ó sì sún mọ́ tilé.

Àmàlà tí kì í pẹ́

Nínú gbogbo ọ̀nà ìyára tí mo ti kà sílẹ̀, ti Ọ̀fà ló jẹ́ kí n gbà pé àwọn àgbà ti ro ọ̀rọ̀ yìí kí gáàsì tó dé. Nígbà tí ànàmọ́ bá pọ̀ tí owó rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ kán-ún-kán-ún, wọ́n á lọ̀ ọ́ ní elúbọ́. Ó di ohun tó lè pẹ́ nílé. Ní alẹ́ tí èèyàn bá pẹ́ délé, omi híhó àti orógùn ló kù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àmàlà náà dúdú, ó ń dán, ó sì ní adùn tirẹ̀ tí ẹni tí kò bá a dàgbà lè má tètè gbà. Mo bi obìnrin kan tó ń ta elúbọ́ náà léèrè bó ṣe ń tà á fún àwọn ará Èkó.

"Wọ́n á ní, 'Màmá, ṣé kò ní dùn bíi ṣúgà?' Mo máa ń ní kí wọ́n bu elúbọ́ iṣu méjì, kí wọ́n bu ànàmọ́ kan sí i. Kí wọ́n fi ọbẹ̀ ilá jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá padà wá lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á ní kí n bu ànàmọ́ méjì."